Ẹsẹ̀ Onílé

"Nígbà tí mo ń kọ́ ulé yìí," ni Bàbá Oyèbámijí wí, "àyè kò gbà mí lẹ́yìn. Mo bá jáde, mo kojú sí Olósùnta, mo ní, 'Òkè, sún sẹ́yìn díẹ̀.' Ó dìde, ó kó àpáta rẹ̀ mọ́ra bí obìnrin tó ń kó ìró, ó sún. Títí di òní, kò tíì béèrè ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ìbíwùmí wo òkè náà láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó wà níbi tó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó dúdú, ó tóbi, ìkùukùu dé e lórí bí fìlà. Kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún pé kó sún. Ó tún wo arúgbó tó dúró níwájú rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó fi okùn so ṣòkòtò mọ́dìí, tó ń fi ọwọ́ pa ògiri lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kọjá, kò dá a lójú pé ẹ̀rín ṣì mọ̀nà.

"Bàbá," ó ní, "èló ni ilé náà?"

"Ṣé o ti jẹun?" ni Bàbá fi dá a lóhùn.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, àwọn ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ákùrẹ́ jó títí ilẹ̀ fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú òun. Nígbà tí ijó parí, wọ́n ní kí oníkálukú di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé. Wọ́n délé, wọn kò bá ilé. Adó kún débi pé bí ènìyàn bá sín ní yàrá kan, gbogbo àdúgbò ni yóò kí i pé pẹ̀lẹ́. Ilé adìẹ kan wà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, tí ọ̀gá kan kó sínú rẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn. Wọ́n ní àkùkọ tó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń wá kan ilẹ̀kùn láràárọ̀ láti mọ ìgbà tí ọ̀gá yóò kó jáde.

Ìbíwùmí wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Kóta, ìlú kan ní Èkìtì, ni, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ti fọ Kóta kúrò lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá inú Bíbélì àti gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì ló kù níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò bá a wá. Ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà, obìnrin mìíràn ti jókòó síbẹ̀. Mojírádé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló fún un ní ibi tí ẹní kan lè gbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ló ń sùn, tí àwọn ọmọ Mojírádé ń dá a kọjá lọ sí ilé ìwẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń béèrè bóyá ó sùn àbí kò sùn. Wàyí o, ọkọ Mojírádé ń bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì ní ìparí oṣù, bíbọ̀ tí kò ní pa dà mọ́. Mojírádé kò sọ pé kí Ìbíwùmí jáde. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ ni.

Ìbíwùmí ní láti rí ibi forí pamọ́ sí kí oṣù tó parí. Ó sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe ilé onílé mọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé l'Ákùrẹ́, tí wọ́n tún ń gbálẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ ní Adó, ó yẹ kó ní ìloro kan tí òun gan-an yóò máa gbá. Ó ti tu owó jọ fún un láti ìgbà tó ti wọṣẹ́. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì ló sọ fún un pé ilé kan wà ní títà ní Ìkẹ́rẹ́, ní apá Olósùnta, kò sì jìnnà jù fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Adó.

Ọlọ́kadà tó gbé e láti gáréèjì, olùkọ́ kan tó ń fi ọ̀kadà wá ohun ọbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ibi tó ń lọ, alùpùpù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn méjèèjì wọ gọ́tà.

"Ulé títà Bàbá Oyèbámijí?" ó ní. "Ẹ bá wa kí wọn o. Kí ẹ rí i pé ẹ yó kí ẹ tó kúrò."

Ìbíwùmí rò pé ọ̀yàyà ará Ìkẹ́rẹ́ ni.

Ilé náà dá wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò, pálọ̀ kan àti yàrá mẹ́rin, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Lára ògiri tó kọjú sí títì, ẹnìkan ti fi èédú kọ ULÉ TÍTÀ. Lẹ́tà náà dúdú, ó nípọn, ó jọ pé wọ́n ti kọ ọ́ lé ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ohun mìíràn tó ń pariwo níbẹ̀. Odó ńlá kan dojú dé lẹ́yìn ilé, adìẹ kan sùn lé ìdí rẹ̀ bí ẹni tó ti gba ìwé ibẹ̀.

Nígbà tí Ìbíwùmí ní òun kò tíì jẹun, ojú Bàbá mọ́lẹ̀ bí iná agbégẹdú. Ọkọ̀ agbégẹdú ni ó fi ìgbà èwe rẹ̀ wà. Ó lé adìẹ kúrò, ó yí odó sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ uṣu.

"Ẹnìkan kì í gún iyán fún ara rẹ̀," ó ní. "Bí o bá dá a gún, odó á máa bi ọ́ pé àwọn yòókù dà."

Ó gún un. Wọ́n jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹun ni ó ń sọ bí òun ṣe wa agbégẹdú dé Sápẹ́lẹ́ lọ́jọ́ kan láìsí táyà iwájú, tí ọkọ̀ ní kí òun má dààmú, òun mọ̀nà. Ìbíwùmí ń gbọ́, ó ń fi ojú wá ibi tí yóò ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tó rí àyè, ó tún bi í ní iye tí yóò ta ilé náà.

Bàbá fi ìka nù ọbẹ̀ kúrò létí abọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ ní 'ilé'? Má dán an wò mọ́. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, bí o bá ní 'ilé', onílé á mọ̀ pé àlejò ni ọ́, á gbé owó gun àjà. Bí o bá ní 'ulé', á rò pé àna òun ni ọ́, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó yá, wí i."

Ìbíwùmí ní òun mọ̀ ọ́n wí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ń wí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, 'ilé' náà ló tún jáde. Bàbá mi orí bí dókítà tí ọ̀rọ̀ aláìsàn rẹ̀ kò dára. Ó ní kó lọ máa fi kọ́ra, kó pa dà wá lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Ẹni tó bá ra ulé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní, afẹ́fẹ́ ló rà, nítorí òjò nìkan ló mọ ibi tí páànù ti lù.

Kò dárúkọ iye kankan. Ìbíwùmí ti dé gáréèjì kó tó rántí.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Òjò náà kì í ṣe kékeré. Ẹja inú odò Ìkẹ́rẹ́ gan-an wá ibi yà sí. Ìbíwùmí kó sínú táàsì, ó lọ. Bàbá ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé òun ló ránṣẹ́ pe òjò.

"Wò ó," ó ní, ó nawọ́ sókè, "láti ọjọ́ tí mo ti kan páànù yìí, òjò kan kò gbà á kọjá láì kọ́kọ́ tọrọ gáfárà."

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, omi já sí i lórí fìlà, tó. Òmíràn já sí i nímú.

"Èyí kì í ṣe jíjò," ó ní. "Òjò ń kí mi ni."

Nígbà náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìbíwùmí. Ó jáde láìròtẹ́lẹ̀, ó ga, ó fọ́ bí agogo ilé-ìwé tí wọn kò tíì lù láti ìgbà ìsinmi. Ẹnu ya òun pàápàá. Bàbá gbé abọ́ kan, kò gbé e sí orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí omi ń kán sí. Ibi ẹní kan tó tẹ́ sí abẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni ó kọ́kọ́ sáré lọ, ó gbé abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu omi tó kán sí orí ẹní. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó tó rántí bẹ́ẹ̀dì. Ìbíwùmí rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó rò ó.

Wọ́n jẹ iyán. Kò dárúkọ iye.

Bí Sátidé ṣe di ohun tí Ìbíwùmí ń fojú sọ́nà fún nìyẹn. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, yóò tẹ ìwé ọ̀gá rẹ̀, yóò jẹ búrẹ́dì lórí tábìlì, yóò pa dà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mojírádé, yóò ká ẹsẹ̀ kò kí wọ́n lè rí ọ̀nà kọjá. Bí ó bá di òru, tí gbogbo ilé sùn, yóò máa fi ètè rẹ̀ wí i láìsí ohùn: ulé, ulé, ulé. Lójú ara rẹ̀, ilé ló ń lọ rà. Mojírádé, tí ojú rẹ̀ là ju ti àwòdì lọ, bi í lọ́jọ́ kan bóyá ilé ló ń rà ní Ìkẹ́rẹ́ àbí bàbá. Ìbíwùmí tẹ́ ẹní rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀gá kan bá a wá yàrá kan tó dára ní Àjílósùn, onílé ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní rárá, ó ṣeun, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀ ilé tòun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọ yàrá náà.

Nígbà kẹta tó lọ, Bàbá mú un lọ wo ààlà. Ó ní kó di ìdí pèrègún mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Pèrègún tó bá tín-ín-rín bí ìka ọmọdé, irọ́ ni, àná ni wọ́n gbìn ín láti fi jẹ ilẹ̀ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá nípọn, tí egbò rẹ̀ ti di àpáta mọ́lẹ̀, ìyẹn kì í parọ́ ààlà. Ó ní kó máa bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ kó tó sanwó, torí ẹni tó ra ulé ra ìjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ní kó má gba ulé lọ́wọ́ bàbá kan láìjẹ́ pé gbogbo ọmọ bàbá náà dúró síbẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ẹ̀yìn ọ̀la má baà di ẹjọ́.

"Àwọn ọmọ tiyín ńkọ́, Bàbá?"

"Doyinsọ́lá wà ní Kàdúná, òun ló ń kọ́ àwọn ẹ̀míà tó jọba níbẹ̀ ní ìwé kíkà. Matthew wà l'Ékòó. Bàálù kan kì í gbéra níbẹ̀ bí Matthew kò bá tíì jẹun tán."

"Nígbà wo ni wọ́n wá kẹ́yìn?"

Bàbá tẹ̀, ó fa koríko kan tí kò ṣe é ní nǹkan. "Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ ríra ulé," ó ní, "mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ. Má wo ẹnu onílé. Ẹnu tèmi yìí nìkan, ó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kan òṣùpá nímú rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o máa wò. Ibi tí ilẹ̀ bá ti jìn, ibi tí ejò bá ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ onílé ti mọ̀ ọ́n, yóò máa yà fún un láìmọ̀. Ibi tí kò bá ti tẹ̀, ibẹ̀ ni kí ìwọ lọ tẹ̀."

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni Ìbíwùmí gbé owó rẹ̀ dání lọ. Ọkọ Mojírádé yóò dé lọ́jọ́ Ajé. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì Gánà méjì, ó so wọ́n pọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mojírádé. Ó sọ fún ara rẹ̀ nínú táàsì pé lónìí, òun kò ní jẹun títí Bàbá yóò fi dárúkọ iye.

Bàbá ti gbé uṣu kaná. Ó fi ìjókòó lọ̀ ọ́ ní pálọ̀, ó ní kó jẹ́ kí òun bu omi tútù fún un. Àmù omi wà ní igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀ kò jìnnà, ọ̀nà tààrà ni, orí ẹní ni ó gbà kọjá. Ìbíwùmí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ló bá rí ẹsẹ̀ Bàbá. Ó yà. Ó gba ẹ̀yìn àga, ó fọwọ́ ti ògiri, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá bí ẹni ń rìn létí odò, ó dé ìdí àmù. Nígbà tó bomi tán, ó tún gba ọ̀nà kan náà pa dà, omi ń já bọ́ lára ife nítorí pé ọ̀nà náà há.

Ìbíwùmí rántí abọ́ ọjọ́ òjò. Ó rántí pé láti ọjọ́ tí òun ti ń wá, kò sí ìgbà kan tí ẹsẹ̀ yẹn tẹ ẹní yẹn. Ilẹ̀ ti jìn níbẹ̀. Ilé náà ti bàjẹ́ lábẹ́, Bàbá sì ti fi ẹní bò ó, ó ń fi iyán rọ òun lẹ́nu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò gba omi tó nà sí i. Ó dìde, ó rìn lọ síbi ẹní, ó gbé gìgísẹ̀ sókè láti fi lu ilẹ̀.

"Má tẹ̀ ẹ́."

Kì í ṣe ohùn tó sún Olósùnta sẹ́yìn. Ohùn kékeré kan ni, ohùn ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Hannah ni," ni Bàbá wí. "Hannah ló sùn síbẹ̀."

Ìbíwùmí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sí ibòmíràn.

"Ìyàwó yín?"

"Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí itẹ́ òkú ìjọ. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ síbi tí òun kò mọ ẹnikẹ́ni."

Ìbíwùmí wò ó. Ọmọ Yorùbá ni, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ta ní í ta ilé tí ìyàwó rẹ̀ sùn sí? Ẹni tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ló rà?

"Ẹ ò tà á," ó ní. "Ẹ ò fẹ́ tà á láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Matthew ló kọ ọ́ sára ògiri, lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní kí n tà á, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó kọ ọ́, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Mo pọn omi, mo mú kànìnkànìn, mo fẹ́ fọ̀ ọ́ dànù. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya kan yà, wọ́n ní àwọn wá wo ulé. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi wọ̀." Ó wo ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. "Bí òjò bá ti fọ̀ ọ́, mo máa ń tún un kọ."

Ìbíwùmí ti gbọ́, ó sì yé e ju bó ṣe fẹ́ kó yé òun lọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó sọ ọ́ láì gbé ohùn sókè.

"Mo jẹ́ kí yàrá kan bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí yín, Bàbá. Ní ọjọ́ Ajé, mi ò ní ibi tí mo máa sùn."

Bàbá la ẹnu. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló mọ̀ pé bí ẹnu yẹn bá ti là, nǹkan gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀. Àpáta á dìde, òjò á tọrọ gáfárà. Kò sí ohun tó jáde. Ó gbé ife omi sórí àga, ó rọra gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Lẹ́yìn náà ni ó sá.

Ó sá bí ẹni tí agbégẹdú ń lé láti òkè láìsí búrékì. Bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́ kù sí ẹnu ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó fo pèrègún ààlà kọjá ní fífò tí ọmọ ogún ọdún kò gbọdọ̀ dán wò, ewé máńgòrò tó wà lórí igi yípo títí tó fi kọjá.

Ìbíwùmí gbé báàgì kékeré tó kó owó sí. Ó dé ojú títì, ó dúró de ọ̀kadà, ULÉ TÍTÀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ lókèèrè. Nígbà náà ni ó gbóòórùn uṣu tó fẹ́ jó.

Ó pa dà wọlé. Ó gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀. Uṣu náà ti rọ̀, ìdí rẹ̀ nìkan ló jó. Ó pọ̀ ju ohun tí ẹnìkan lè jẹ lọ, Bàbá ti se é fún ẹni méjì. Ó jókòó tì í díẹ̀. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbálẹ̀ wà ní igun, ilẹ̀ sì dọ̀tí. Ilẹ̀ ẹni tí kò rí ẹni tó ń gbálẹ̀ dè. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó kí adìẹ pẹ̀lẹ́, ó lé e sọ̀ kalẹ̀, ó yí odó sókè, ó fọ̀ ọ́. Ó da uṣu sí i. Nígbà tó gbé ọmọ odó sókè tó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kínní, ìró rẹ̀ lọ lu Olósùnta, ó pa dà wá bá a. Ó tún gún un. Ó gún un kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Ó ti ń yí iyán nígbà tí mọ́tò kan dúró níwájú. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin náà wọ kóòtù, bàtà rẹ̀ ń dán débi pé àwọ̀sánmà ń wojú rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ẹ̀yìn, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkùnrin náà ní láti Adó ni àwọn ti wá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwọn dé láti Àkúrẹ́ ni, àwọn kò rí ilé. Àwọn rí ohun tó wà lára ògiri. Ṣé ilé náà ṣì wà ní títà?

Ìbíwùmí nu òógùn ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Ó wo fèrèsé yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò sí aṣọ kan tó mì níbẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ulé ti kún."

Ó jáde bẹ́ẹ̀, láìwá a. Ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́.

Ọkùnrin náà wo ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó wo odó, ó wo obìnrin kan ṣoṣo tó dúró tì í. "Ó kún, mà?"

"Ó kún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ sùn, à ń fún ara wa ní nọ́ńbà ni. Lánàá yìí, Olósùnta fúnra rẹ̀ wá tọrọ yàrá kan lẹ́yìn, ó ní òtútù ń mú òun níta. A ní kó máa pa dà lọ."

Ìyàwó ọkùnrin náà fa apá kóòtù ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì yára wọ mọ́tò ju bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Bí ìró mọ́tò ti ń lọ sílẹ̀, ikọ́ kan dún lẹ́yìn igi máńgòrò. Ìbíwùmí yíjú síbẹ̀. Bàbá Oyèbámijí lóṣòó sí ìdí rẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lásán, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi nu ojú. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé ó ti rí òun, ó fò dìde bí olè tí wọ́n ká mọ́dìí adìẹ.

"Bàbá," ni Ìbíwùmí pè é, "iyán ń tutù o."

Bàbá já garawa omi gbà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ṣa kànìnkànìn mọ́ ọn, ó sì tún fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé síwájú, omi ń ta sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbíwùmí kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń bu iyán sí abọ́ méjì, ó gbọ́ nígbà tí omi lu ògiri tó kọjú sí títì.